Bí A Ṣe Gba Nọ́ńbà Wa Kúrò Lápò Òṣìṣẹ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà bàbà ni wọ́n ń bá fà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ibẹ̀ ti kéde pé ètò ìpè àtijọ́ tó ń gba orí wáyà yóò kú pátápátá ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2027. Ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá kí wọ́n tó sún un síwájú. Kí wọ́n tó sún un yẹn ni ọmọ Àlàájì, ọ̀gá wa, tó ń gbé lọ́hùn-ún pe bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ kó ìpè wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà, ẹ pa láìnì àtijọ́ yẹn tì."

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Èwo ni láìnì àtijọ́? Ti NITEL tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 031? Ìyẹn ti pa ara rẹ̀ tì kí ìwọ tó wọ yunifásítì."

Òótọ́ ló sọ. Ní Ìlọrin níbí, kò sẹ́ni tó nílò láti wá gé wáyà wa. Nígbà tí GSM dé ní 2001, gbogbo wa la sá lọ síbẹ̀, a kò sì wẹ̀yìn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó ro ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, mo rí i pé àwa náà ní láìnì àtijọ́ tiwa: fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó wà lápò àwọn òṣìṣẹ́ wa.

Oúnjẹ adìyẹ àti oògùn ẹran ọ̀sìn la ń tà. Ṣọ́ọ̀bù ńlá wà ní Ìlọrin, a ní ẹ̀ka ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, èmi ni mo sì ń bójú tó ọ́fíìsì. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa wà káàkiri Àjàṣẹ́-Ìpo, Igbájà, títí dé àwọn gáà Fúlàní tó wà lọ́nà oko. Púpọ̀ nínú wọn kì í wá rárá. Wọ́n á pè, wọ́n á béèrè iye tí àpò kan ń lọ, wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ọlọ́kọ̀ á sì bá wọn gbé e lọ. Fóònù ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní síìmù tirẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ rà wọ́n, ọmọ tó bá wà nítòsí la rán, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ sí i. Bí gbogbo ìgboro ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kà á sí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo síìmù mọ́ NIN. Láti ìgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń ra káàdì sí síìmù kan, ẹni tí NIN rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nìkan ló lè lọ gbà á padà bó bá sọnù.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní Ọ̀fà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, síìmù sì bá a lọ. Kò jalè o. Ó dá fóònù padà, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ìṣirò owó rẹ̀ sì pé. Síìmù nìkan ló yọ. Ó ní orúkọ òun ló wà lórí rẹ̀, òun kò sì lè fi NIN òun sílẹ̀ kí ẹlòmíràn máa fi ṣe ohun tó bá wù ú. Èmi náà kò ní fi tèmi sílẹ̀ tó bá jẹ́ èmi. Àmọ́ àwọn aládìyẹ Ọ̀fà kò mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. Nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń pè, ohùn tí wọ́n ti mọ̀ ló ń dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń rajà wọn lọ. Àlàájì kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, oníbàárà ta ni wọ́n?"

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá wa ṣe fóònù gidi.

Ọjà méjì ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èkíní ni PABX, àpótí kan tí wọ́n á kọ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, tí gbogbo fóònù inú ilé á so mọ́. Ẹ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín. Èkejì ni ti orí cloud. Nínú èyí, nọ́ńbà kò gbé inú síìmù, kò sì gbé inú àpótí. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń ta iṣẹ́ náà ló wà, ẹ ó sì máa san owó oṣooṣù. Bí oníbàárà bá pe nọ́ńbà náà láti orí fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ló máa wo ibi tó yẹ kó dún: fóònù orí tábìlì ní Ìlọrin, kọ̀ǹpútà akọ̀wé ní Ọ̀fà, tàbí áàpù lórí fóònù ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ, a ó yọ orúkọ rẹ̀, a ó fi ẹlòmíràn sí i, oníbàárà kò tiẹ̀ ní mọ̀. Ìmọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. SIP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti jáde láti 1999. Íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé e dé Òmù-Àrán ló pẹ́ kó tó dé.

Mo mú ti cloud, ìdí mi kò sì ju ẹyọ kan lọ: ìlú mẹ́ta la wà. Bí a bá gbé àpótí kọ́ ògiri Ìlọrin, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán náà dákẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo lábẹ́ òrùlé kan lè yan àpótí, mi ò ní bá a jiyàn.

Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ ń ba gbogbo ènìyàn ni pé íntánẹ́ẹ̀tì wa kò yá tó. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìyára kọ́ ni wàhálà. Ìpè kan tí G.711 (ọ̀kan nínú ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń di ohùn) gbé, tí ohùn rẹ̀ rí bíi ti fóònù wáyà, kì í gbà ju nǹkan bí kílóbíìtì 90 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, G.729 tó ń fún ohùn pọ̀ kì í gbà ju nǹkan bí 30. Ìpè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò tó ohun tí ọmọkùnrin kan ń jẹ bó bá ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó ń ba ìpè jẹ́ ni kí ohùn máa pẹ́ lọ́nà, tàbí kó máa dé ní ségesège. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, dábàá pé kí ohùn má pẹ́ ju ìdá 150 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdù kan lọ kó tó dé etí ẹni kejì. Bó bá ti kọjá ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ lu ara yín, oníbàárà á sì rò pé ẹ ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí fóònù máa wà gan-an.

Ní Ìlọrin, fáíbà là ń lò, 4G sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà kì í béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó da katapílà sílẹ̀. Ní Òmù-Àrán, rọ́tà kan tó ń gba síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló ṣe é. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, ó gba orí èkejì.

Àìsàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe é parí iṣẹ́ ní Ọ̀fà, à ń gbọ́ oníbàárà ketekete, oníbàárà kò gbọ́ wa. Wọ́n á ní "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" títí wọ́n á fi pa á. Wọ́n yí wáyà, wọ́n yí fóònù, wọ́n fẹ́ ní ká ra rọ́tà mìíràn. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní SIP ALG nínú rọ́tà ni. Wọ́n ṣe é láti ran ìpè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ rọ́tà, ṣe ló máa ń da àdírẹ́sì tí ohùn yẹ kó gbà rú. Wọ́n pa á, ohùn sì ń lọ, ó ń bọ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti bá wa ṣètò kí rọ́tà máa fún ohùn láyè kó tó fún ohun mìíràn, kí ẹni tó ń gba fíìmù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìkẹ́rùsí má baà pa ìpè àwọn tó wà níwájú.

Ní ti iná, ohun kan wà tí fóònù NITEL fi dára ju ti òní lọ, kí a má parọ́. Iná rẹ̀ ń bá wáyà bọ̀ láti ilé ìpè, fóltì 48, nítorí náà òkùnkùn ò kàn án. Ti òní, bí rọ́tà bá kú, fóònù kú. A kò ní iná ọba tí a lè gbára lé, jẹnẹrétọ̀ kò sì lè máa dún nítorí rọ́tà nìkan. Ínfátà kékeré kan tó jẹ́ ti rọ́tà àti fóònù nìkan la rà. Mo kọ ọ́ sí i lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fáànù sí i. Bí ìyẹn náà bá tán, ìpè á yí lọ sórí áàpù àwọn tó wà ní ẹ̀ka yòókù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Ohun tí mo rà gan-an nìyí.

Kí a tó mú ilé-iṣẹ́ tí à ń lò báyìí, méjì la kọ́kọ́ ń dán wò pa pọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀kan wà lókè òkun, ti èkejì wà ní Èkó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ti òkè òkun dákẹ́. Ti Èkó ń fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ń dún. Àsìkò yẹn sì ni àwọn aládìyẹ ń bọ́ adìyẹ tí wọ́n máa tà nígbà Ìtúnu. Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ ta fóònù cloud fún yín pé níbo ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, owó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lè yanjú rẹ̀. Ìkíni ló fún wa níṣẹ́ jù.

Ohùn tó bá iṣẹ́ náà wá ni ti obìnrin kan tó ń sọ èdè òyìnbó láti ihò imú: tẹ ení fún ọjà, tẹ èjì fún owó. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn bàbá láti abúlé á gbọ́ ohùn obìnrin, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, màá. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" wọ́n á sì dákẹ́ kó dá wọn lóhùn. Obìnrin náà kò ní kí wọn padà, á tún máa ka ení, èjì. Inú bí wọn. Bàbá kan láti ọ̀nà Igbájà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọmọbìnrin tuntun tí a gbà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ ni. Ó ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

A pa òyìnbó náà rẹ́. Àǹtí tó ń gbowó níwájú ló ka tuntun, èdè Yorùbá ló sì kọ́kọ́ sọ. Àríyànjiyàn wà lórí bó ṣe máa kí ènìyàn, torí "ẹ káàárọ̀" kò ní bá ìrọ̀lẹ́ mu, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ka mẹ́ta sílẹ̀. "Ẹ kú déédéé ìwòyí o" ló bọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ló dárúkọ wa, ó ní ẹni tó bá fẹ́ sọ Haúsá kó tẹ èjì, torí àwọn olówò màlúù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru àpò ló bá wa ka apá yẹn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù: "Bí ẹ kò bá tẹ nǹkan kan, ẹ dúró díẹ̀, ènìyàn máa gbé e." Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kì í tẹ nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní kí ẹni tí kò tẹ nǹkan máa lọ ti lé ìdajì ọjà rẹ̀ dànù.

Orin ìdúró fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ dàdàkúàdà, Àlàájì ń fẹ́ wákà, ẹnjiníà sì ní ẹ kò lè kàn gbé orin olórin sórí fóònù ilé-iṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Iye owó oúnjẹ léyà àti ti bùrọ́ílà la fi sí i. Àwọn kan ń pè láti gbọ́ iye owó nìkan, wọ́n á sì pa á kí ẹnikẹ́ni tó gbé e.

Ohun tí mi ò retí ni ìwé àkọsílẹ̀ tí ètò náà ń pèsè. Nígbà tí síìmù wà lápò, kò sẹ́ni tó mọ iye ìpè tí a kò gbé. Báyìí, mo ń rí wákàtí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń wọlé lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, kí a tó ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn ni aládìyẹ ń bọ́ wọn, tó ń rí i pé àpò ti ń tán, tàbí pé méjì kú mọ́jú. A dá a sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀: ẹni tó bá kàn á máa gbé ìpè àárọ̀ lórí áàpù láti ilé rẹ̀, owó díẹ̀ sì wà fún un. Àyípadà yìí nìkan, lójú tèmi, ti san owó gbogbo rẹ̀ padà.

A tún ń gba ohùn sílẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 wà, nítorí náà Àǹtí sọ ọ́ nínú ìkíni pé à ń gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé oníbàárà ni a ó máa fi mú. Oníbàárà kan ní oúnjẹ léyà lòun sọ, gírówà ni wọ́n kó fún òun. Ọmọ wa búra. A ṣí i, a gbọ́ ọ: léyà ni ọkùnrin náà sọ, ó tiẹ̀ tún un sọ. Àlàájì san owó ọkọ̀ lọ bọ̀. Láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ń ka ohun tí ènìyàn béèrè padà sí i létí kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Kí n má gbàgbé àwọn olè. Wọ́n máa ń wá fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ rọrùn, wọ́n á fi pe àwọn nọ́ńbà olówó ńlá lókè òkun lóru mọ́jú, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ ní kí wọ́n ti ìpè òkè òkun pa láti ọjọ́ kìíní. Tiwa ṣí fún Àlàájì nìkan, nítorí ọmọ rẹ̀.

Fún àwọn síìmù tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa, a kò jù wọ́n nù. A tẹ **21*, a tẹ nọ́ńbà tuntun tẹ̀ lé e, a fi # parí rẹ̀, ìpè tó bá wọ ibẹ̀ sì ń yí wá sórí ti cloud. Owó apá kejì ìpè náà, síìmù ló ń san án, ẹ máa ra káàdì sí i. Ti Ọ̀fà nìkan ni a kò rí ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ aládìyẹ la lọ, a sì lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ ara gbogbo àpò tó jáde. Àwọn kan padà, àwọn kan kò padà. Bí ọ̀gá àtijọ́ yẹn ṣe ń tajà dáadáa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Òmù-Àrán ṣì ń bá mi fà á. Ìyá tó wà níbẹ̀ mọ ẹni tí a lè ṣe àwìn fún àti ẹni tí a kò lè ṣe é fún, ohùn ni ó fi ń mọ̀ wọ́n. Ó ní bí ìpè òun bá lọ dún ní Ìlọrin, àwọn tó wà ní Ìlọrin á ta àwìn fún onígbèsè. Kò ṣì sọ. Ìpè Òmù-Àrán ń kọ́kọ́ dún lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì gbé e kò gbọdọ̀ dárúkọ àwìn.

Ó wá ku WhatsApp. A fẹ́ kó wà lórí nọ́ńbà tuntun kan náà, kí oníbàárà má há nọ́ńbà méjì sórí. WhatsApp Business á pè yín, ẹ̀rọ wọn á ka kóòdù fún yín. Ẹ̀rọ wọn pè, ẹ̀rọ tiwa gbé e, ó ní "Ẹ kú déédéé ìwòyí o", ti wọn ń ka kóòdù lọ lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan. A ní láti pa ìkíni fún ìgbà díẹ̀ kí a tó rí i gbà. Ṣùgbọ́n WhatsApp ní láti gbé lórí fóònù kan pàtó, ó kàn lè so mọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn ni. Bí a kò bá sì lo fóònù náà ju ọjọ́ 14 lọ, á já àwọn yòókù kúrò. Ọ̀gá Ìlọrin ní kó wà lọ́dọ̀ òun, Ọ̀fà ní kó wà lọ́dọ̀ òun. Àlàájì ní inú dúrọ́ọ̀ òun ló máa wà. Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí a tó lọ kírun ni mo ń ṣí i, tí mo ń fi ṣájì sí i.